Ojú Táyé ṣí fóònù mi, ìka ẹ̀ ò lè ṣí i

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbúròó mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti ń yí lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n yáa kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Táyé ló wá kí wa láti Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé kan. Èmi ni Kẹ́hìndé, àwọn tó mọ̀ wá mọ̀ pé àwa méjèèjì jọra débi pé Màámi fúnra wọn, tí wọ́n bá fẹ́ rán wa níṣẹ́, orúkọ méjèèjì ni wọ́n máa ń pè pọ̀, ẹni tó bá dáhùn ló máa lọ. Mo wà ní kíṣìnì, fóònù mi wà lórí tábìlì ní pálọ̀, ni mo bá gbọ́ tí Táyé ń rẹ́rìn-ín, kí n tó yọjú ó ti wà nínú WhatsApp mi. Mo ní báwo lo ṣe ṣí i, mi ò fún ẹ ní páswọ́ọ̀dù. Ó ní òun ò tẹ nǹkankan, òun kàn gbé e sójú báyìí ni. Mo gbà á, mo tì í, mo gbé e fún un padà, ó tún ṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló ṣí. Mo wá ní ó ya, fi àtàǹpàkò ẹ tẹ ẹ̀yìn ẹ̀. Fóònù gbọ̀n rìrì, ó kọ̀. Ó fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó mú ọwọ́ òsì, ó kọ̀, nígbà tó yá fóònù ní ó tó gẹ́ẹ́, páswọ́ọ̀dù lòun fẹ́.

Inú kan la ti jáde, ẹ̀jẹ̀ kan náà, ojú kan náà, síbẹ̀ ìka ò gbà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú ìyẹn dání, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Lágere ni ṣọ́ọ̀bù mi wà níbí n'Ífẹ̀, fóònù ni mo ń tún ṣe. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ wá bá mi, ó gbé fóònù àlòkù kan dání tó rà fún ọmọ ẹ̀ ọkùnrin. Ìyá yìí ò tíì sọ̀rọ̀ tí omi ti ń bọ́ lójú ẹ̀. Wọ́n ní fóònù olè ni ọmọ ẹ̀ ń lò, wọ́n ní nọ́ńbà inú ẹ̀ jẹ́ ti fóònù ẹlòmíì, wọ́n sì ti ọmọ náà mọ́lé fún ọjọ́ méjì gbáko, ọmọ tí ò jí abẹ́rẹ́ rí. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó.

Èmi máa ń kọ IMEI gbogbo fóònù tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi sínú ìwé kan, nítorí ìjà ni, kẹ́nikẹ́ni má baà sọ pé mo pààrọ̀ fóònù òun. Mo tẹ *#06# lórí fóònù ìyá yìí, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ojú mi bá bọ́ sí òkè ìwé náà. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, ọmọ yunifásítì kan ti gbé fóònù tiẹ̀ wá fún mi kí n bá a pààrọ̀ bátìrì. Nọ́ńbà kan náà ni. Láti orí dé ìdí, kò sí èyí tó yàtọ̀. Ọwọ́ mi dúró lórí ìwé.

Fún àwọn tí ò mọ̀, IMEI yìí ló dà bí orúkọ àbísọ fóònù. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ ń sọ irú fóònù tó jẹ́, mẹ́fà tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti fóònù yẹn gan-an, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti ìṣirò tí wọ́n fi ń yẹ àwọn tó kù wò bóyá wọ́n pé. Fóònù méjì ò gbọdọ̀ ní nọ́ńbà kan náà. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n kàn kọ sínú fóònù náà ni, bí ẹni kọ lẹ́tà sórí bébà, ẹni tó bá ní wáyà àti sọ́fítíwíà tó yẹ lè pa á rẹ́ kó kọ òmíràn sí i. Àwọn èèyàn ti wá bá mi fún iṣẹ́ yẹn, owó ńlá ni wọ́n máa ń nà sí mi. Mi ò ṣe é rí, mi ò sì ní ṣe é láéláé, torí mo mọ̀ pé ibì kan wà tí orúkọ tuntun yẹn ti wá, ẹnì kan ló ni ín.

Ká tiẹ̀ fi fóònù sílẹ̀ díẹ̀. Bàbá Màámi kọ pélé, ẹ̀gbọ́n wọn náà kọ pélé, gbogbo agboolé ló kọ ọ́. Bí wọ́n bá rí ẹ lójú ọjà nígbà náà, wọ́n mọ ilé tó o ti jáde. Iṣẹ́ tí ilà ojú wà fún nìyẹn, ó sì jẹ́ ẹ dáadáa. Àmọ́ ọwọ́ olóòlà ló ti wá, irú èyí tí olóòlà kọ fún ẹ náà ló máa kọ fún ẹlòmíì tó bá jókòó síwájú ẹ̀, àbẹ ò mọ ọmọ onílé. Ìlà tó wà lórí ìka ní tiẹ̀, olóòlà wo ló kọ ọ́? Kò sí. IMEI, ilà ojú ni. Ohun tí mo wá ń wá ni ìlà ìka fóònù.

Ìdòwú àbúrò wa ló dá mi lóhùn. Ẹnjiníárìn ló ń kà ní OAU, ọdún kẹrin nìyí, mo gbé ọ̀rọ̀ náà fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí wà o, ó sì ti wà tipẹ́, PUF ni wọ́n ń pè é." Ó ní physical unclonable function ni orúkọ ẹ̀ lódindi. Mo ní kó sọ ọ́ lédè tá a jọ ń sọ nílé. Ó ní ìtẹ̀ka tí chip, ìyẹn ègé kékeré tó ń ronú fún fóònù, bí mọ́ ara ni, tí ẹni tó ṣe chip yẹn gan-an ò lè ṣe irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bó tiẹ̀ wù ú.

Ìdí tí ìka èmi àti Táyé fi yàtọ̀ ló kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ẹ̀jẹ̀ ò ya àwòrán ìka sílẹ̀ bí ẹni fi rúlà fà á, ìlànà ló fún ara, ara ló wá ṣe é nínú oyún. Alan Turing, ọ̀gá onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Ọba yẹn, ti kọ ọ́ ní 1952 pé bí kẹ́míkà méjì bá ń tàn ká nínú ara, tí ọ̀kan ń ti ara ẹ̀ síwájú tí ìkejì ń fà á sẹ́yìn, wọ́n lè fa ìlà àti àmì fúnra wọn láìsí ayàwòrán. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kan ní Edinburgh ní Scotland fi hàn pé ọ̀nà yẹn ni ìlà ìka gbà ń wá. Ibi mẹ́ta ló ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí ìka ọmọ inú oyún, àárín ibi tó rọ̀ ní orí ìka, ẹ̀bá èékánná, àti oríkèé, á wá máa tàn bí ìgbì títí wọ́n á fi pàdé. Ẹ fojú inú wo ẹni tó sọ òkúta mẹ́ta sódò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òkúta kan bá yẹ̀ díẹ̀, ibi tí ìgbì ti pàdé ti yí padà nìyẹn. Ọ̀tọ̀ sì nibi tí mo wà nínú Màámi, ọ̀tọ̀ nibi tí Táyé wà.

Kì í ṣe inú chip ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé irú èyí jáde fáyé rí o, inú gíláàsì ni, ibí yìí ni inú mi ti dùn jù torí ọmọ Ifẹ̀ ni mí. Ravikanth Pappu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ ní 2002. Wọ́n mú nǹkan tó dà bí gọ́ọ̀mù líle tó mọ́ gaara, kò ju èékánná lọ, wọ́n da hóró gíláàsì wínníwínní sínú ẹ̀ kó tó gbẹ, ibi tó bá wu hóró kọ̀ọ̀kan ló dúró sí. Tí wọ́n bá wá tan iná lésà sí i, iná náà á máa ta láti ara hóró kan sí òmíràn, á sì jáde lódì kejì bí àmì tótòtó. Tẹ́ ẹ bá yí iná yẹn díẹ̀ péré, àmì míì ló máa jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú ẹ̀ á ní láti to gbogbo hóró gíláàsì yẹn padà síbi tí wọ́n wà gẹ́lẹ́, ọwọ́ ta ló lè ṣe é?

Hóró gíláàsì! N'Ífẹ̀! Ṣebí Igbó Olókun nìyẹn. Abídèmí Babalọlá tó gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, iṣẹ́ àwọn baba ńlá wa láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Kí ìyẹn tó jáde, ní 2006, Akin Ige ti OAU wà lára àwọn tó kọ ọ́ pé gíláàsì Ifẹ̀ ní ohun tó fi yàtọ̀, èròjà méjì kan pọ̀ nínú ẹ̀, lime àti alumina, gíláàsì Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù ò rí bẹ́ẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi lè mú ìlẹ̀kẹ̀ kan ní Gao ní ilẹ̀ Mali kí wọ́n ní gíláàsì Ifẹ̀ nìyí. Kò sẹ́ni tó kọ "Ifẹ̀" sára ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Ara ẹ̀ ló sọ. Mo ti ń kọjá níwájú mùsíọ̀mù láti kékeré, mi ò ro ìlẹ̀kẹ̀ báyẹn rí.

Ẹ jẹ́ n padà sínú fóònù. Ọdún 2002 yẹn náà ni àwọn míì ní MIT, Gassend, Clarke, van Dijk àti Devadas, gbé e wọnú chip, nígbà tó di 2007 àwọn kan ní Philips ní Netherlands àtàwọn kan ní Massachusetts fi hàn pé SRAM tó ti wà nínú chip tẹ́lẹ̀ lè ṣiṣẹ́ náà. SRAM ni ibi tí chip ń kó ohun tó ń rò lọ́wọ́ sí. Yàrá kéékèèké ló kún ibẹ̀, yàrá kan ò lè gbà ju òdo tàbí oókan lọ, transistor mẹ́fà, ìyẹn súìṣì iná wínníwínní, ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Báyìí ni Ìdòwú ṣe sọ ọ́ fún mi, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an: ẹ wo yàrá kọ̀ọ̀kan bí ìbejì méjì tó di ara wọn mú fún gídígbò. Bí iná ò bá tíì dé, wọ́n kàn dúró. Bí iná bá dé báyìí, wọ́n á ti ara wọn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣubú, ẹni tó bá ṣubú ló máa sọ bóyá òdo ni tàbí oókan. Fáktìrì fẹ́ kí agbára àwọn méjèèjì dọ́gba, àmọ́ kò lè dọ́gba délẹ̀délẹ̀, átọ́ọ̀mù mélòó kan á pọ̀ lápá kan ju apá kejì lọ, wáyà ibì kan á fi bíńtín nípọn jù. Torí náà ìbejì kan yẹn ló máa ń dá ìkejì ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé. Ẹ wá ro ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú yàrá bẹ́ẹ̀ nínú chip kan, tí gbogbo wọn ja gídígbò tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán ẹni tó ṣubú àti ẹni tó dúró yẹn ni ìlà ìka chip.

Ìdòwú ò fi ẹnu nìkan sọ ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ó gbé Arduino méjì wá, ìyẹn bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré, páálí kan náà ló ti yọ wọ́n, ọjọ́ kan náà ló rà wọ́n. SRAM tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré, kílóbáìtì méjì péré ni, àmọ́ ìyẹn náà jẹ́ yàrá 16,384. Ó kọ prógíráàmù kékeré kan tó ń wo apá kan ibẹ̀ ní kété tí iná bá wọlé, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà yà á bí pátákó dráàfù, dúdú fún òdo, funfun fún oókan. A pa iná, a tàn án, a pa á, a tàn án, a ṣe é tó ogún ìgbà. Àwòrán ti àkọ́kọ́ ń padà wá bákan náà, àmì díẹ̀ níbí díẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń yí. A bọ́ sí èkejì, kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Màámi wà níbẹ̀, wọ́n mú bébà méjèèjì, wọ́n gbé e sún mọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Èyí ni Táyé, èyí ni Kẹ́hìndé."

Àmì díẹ̀ tó ń yí yẹn dà mí láàmú. Mo ní tí ìtẹ̀ka bá ń yí, báwo la ṣe fẹ́ gbára lé e? Ó ní àwọn yàrá kan wà tí agbára ìbejì inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lóòótọ́, lónìí ọ̀kan ṣubú, lọ́la ìkejì ṣubú, ooru náà sì máa ń dá kún un. Ó ní tí ọ̀fìnkìn bá mú Màámi tí wọ́n pè ẹ́ lórí fóònù, ṣé o ò ní mọ ohùn wọn ni? Àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Dodis, Reyzin àti Smith, ló gbé ìṣirò ẹ̀ kalẹ̀ ní 2004, ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba ohùn tó há díẹ̀ tí wọ́n á sì fa kọ́kọ́rọ́ kan náà, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí chip fi ń jẹ́rìí ara ẹ̀, yọ nínú ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, láìyẹ̀ ẹyọ kan.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo ẹ̀ rèé. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ò sí níbì kankan tí iná bá ti kú. Wọn ò kọ ọ́ sínú nǹkankan. Olè tó bá tú chip kalẹ̀ láìtàn án, yàrá òfìfo ló máa bá. Ìgbà tí iná bá dé, ìgbà táwọn ọmọ àdúgbò bá pariwo "Up NEPA!" lọ́ọ̀ọ́kán, ìgbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ máa jí, chip á lò ó tán, á sì pa á rẹ́. Èmi tí mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan jáde látinú fóònù, mo mọ iye tí ìyẹn tó.

Kì í ṣe inú àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ronú ẹ̀. Ní Kòríà ní 2015, àwọn kan ṣe hóró wínníwínní tí ara ẹ̀ máa ń hunjọ tó bá gbẹ, bí tàtàṣé tá a sá sóòrùn, ìhunjọ yẹn ní orí ìlà àti ìyapa ìlà gẹ́gẹ́ bíi ti ìka èèyàn, wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà láti fi mọ ojúlówó. Ní Purdue ní Amẹ́ríkà, 2020, sílíìkì ni wọ́n lò, inú okùn kòkòrò ni, bí a ṣe ń rí ti sányán, wọ́n sọ ọ́ di àmì tó ṣe é gbé mì pẹ̀lú oògùn. Orílẹ̀-èdè tí àbúrò Dora Akúnyìlí, ọ̀gá NAFDAC nígbà kan tó gbógun ti oògùn ayédèrú, kú ní 1988 nítorí insulin ayédèrú ló yẹ kó kọ́kọ́ fetí sí irú iṣẹ́ yìí.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé kò sí àbùkù. Irú PUF kan wà tí wọ́n máa ń bi ní ìbéèrè tó sì máa ń dáhùn, bí ìgbà tá a bá ń pàlọ́ àpamọ̀. Ní 2010 àwọn onímọ̀ fi hàn pé tí ẹnì kan bá gba ìbéèrè àti ìdáhùn tó pọ̀ tó sílẹ̀, kọ̀ǹpútà lè kọ́ ọ débi pé á máa sọ ìdáhùn kí chip tó sọ ọ́. Ní 2013, ní Berlin ní Jámánì, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ chip pẹ̀lú ìtànṣán wínníwínní sọ SRAM inú chip kan di ẹ̀dà ti chip mìíràn. Iyàrá ìwádìí ńlá ni wọ́n ti ṣe é, irinṣẹ́ olówó gọbọi, kì í ṣe wáyà àti sọ́fítíwíà orí tábìlì ní ọjà. Síbẹ̀ wọ́n ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí Ìdòwú àti èmi ò tíì fẹnu kò lé lórí. Mo bi í pé tí fóònù bá ní orúkọ tí ò ṣe é parẹ́, ta ló máa mú ìwé orúkọ dání? A ti to fún nọ́ńbà BVN láti 2014, ní ìparí 2020 wọ́n ní ká so NIN mọ́ síìmù, Màámi dúró lórí ìlà láti àárọ̀ títí wọ́n fi pàdé òòrùn ọ̀sán. Páswọ́ọ̀dù tó bá jábọ́, o lè pààrọ̀ ẹ̀. Ìtẹ̀ka tó bá jábọ́, ibo lo ti fẹ́ rí ìka tuntun? Ìdòwú ní ìyẹn gan-an ló mú kí òun fẹ́ràn PUF, pé àwòrán àkọ́kọ́ yẹn ò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú chip rárá, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fà yọ nínú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì lè fa òmíràn yọ tó bá bàjẹ́. Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ mo ṣì fẹ́ mọ ẹni tó mú ìwé dání.

Ní ti ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, mo pe ọmọ yunifásítì yẹn padà, ó gbé páálí fóònù ẹ̀ wá, nọ́ńbà ara páálí bá ti inú fóònù mu. Mo wá yẹ mẹ́jọ àkọ́kọ́ wò, irú fóònù ọmọ yẹn ló ń sọ, fóònù ìyá sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ míì pátápátá. Nọ́ńbà ti fóònù ìyá gan-an ni wọ́n pa rẹ́. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sórí bébà fún un, mo fọwọ́ sí i, mo fi nọ́ńbà mi síbẹ̀, ó gbé e lọ, wọ́n ò sì yọ ọmọ ẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ẹni tó ta fóònù fún un ò gbé fóònù ẹ̀ mọ́, owó yẹn ti lọ. Ká ní wọ́n lè bi ara fóònù yẹn léèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ yẹn ò bá ti sun àtìmọ́lé fún òru méjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àlòkù lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ *#06# kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi wé ti ara páálí, ẹ lọ sí sẹ́tíǹsì ẹ wò ó níbẹ̀ náà, ẹ yẹ mẹ́jọ àkọ́kọ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá irú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ló ń pè. Tí olùtajà bá ń kánjú yín, ẹ gbé e sílẹ̀ fún un.

Èmi ti yọ ojú kúrò lára fóònù mi, ìka nìkan ló kù. Mo pe Táyé lánàá pé kó má bínú. Ó ní òun ò bínú, ìgbà wo lòun fẹ́ wá tẹ ìka tòun náà sí i.